"Ó Rọ́ Ni": Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Ṣe Ìgúnpá, Ọrùn Ọwọ́ àti Ìka Lórí Pápá

Gbogbo pápá tí mo ti dúró sí láti Ibafo dé Mowe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, adájọ́ kan náà ni mo máa ń bá níbẹ̀. N kò sọ ti rẹfirí. Adájọ́ tí mo ń wí lè jẹ́ kóòṣì, ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá tó gun ògiri wòran. Ẹnì kan á ṣubú, á fi ọwọ́ kan di ìkejì mú, á máa pòṣé. Adájọ́ á sún mọ́ ọn, á wo ọwọ́ náà fìrí, á ní, "Ó rọ́ ni." Wọ́n á bá a fà á, wọ́n á fi Robb pa á, bọ́ọ̀lù á sì máa yí lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni, ó rọ́ náà ni. Àwọn ìgbà tí kì í ṣòótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ojú mi ti rí ni pé pápá kì í sábà ba ọwọ́ jẹ́ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé ìṣubú ló ń parí iṣẹ́ náà: fífà, wíwọ́, dídì, àti "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná".

Ní OPIC Estate àti àwọn àdúgbò tó yí wa ká, eré ò wọ́n wa. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù onílé kékeré tí wọ́n ń pè ní monkey post lórí ilẹ̀ pupa tó máa ń le bíi bíríkì lásìkò ọyẹ́, àwọn kan tilẹ̀ ń gbá a lórí íńtálọ́ọ̀kì. Àwọn àgbà ń sáré òwúrọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé irin. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, eré ọwọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi figagbága níbẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, júdò, ìjàkadì, tẹ́bù tẹ́nìsì, fọ́líbọ́ọ̀lù, àti abula tí a ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì. A máa ń rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni eléré ń fi ṣèṣe. Ẹ bi aṣọ́lé yín léèrè.

Kí n tó dé orí eegun, ọ̀rọ̀ èdè wà nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Yorùbá bá ní "ọwọ́ ń dùn mí", ó lè jẹ́ èékánná ló ń wí, ó lè jẹ́ ìtòsí èjìká. A ní apá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí pè é nígbà tí ara bá ń ro ó? Èyí tó tún le jù ni iṣan. Iṣan ni a ń pe ohun tó so eegun mọ́ eegun. Iṣan ni ohun tó so ẹran mọ́ eegun. Iṣan ni ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà sì ni ohun tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Mẹ́rin ni wọ́n, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá. Èyí tó so eegun mọ́ eegun bá ya díẹ̀, ìsinmi á wò ó. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá dí, wákàtí ni a ó máa kà, kì í ṣe ọjọ́. Nítorí náà, nínú àgbéyẹ̀wò yìí, màá pe ti eegun-mọ́-eegun ní ìdè, ti ẹran-mọ́-eegun ní okùn, ti ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ti ìmọ̀lára ní wáyà. Kí àwọn onímọ̀ èdè fi orí jì mí.

Ìgúnpá ló yá. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pe òṣùwọ̀n tí Nóà fi kan ọkọ̀ rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, torí láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka àárín ni àwọn ará ìgbàanì fi ń wọn nǹkan. Eegun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀, ọ̀kan láti èjìká, méjì láti ọrùn ọwọ́. Nínú àwọn méjì yìí, èyí tó wà níhà ọmọńdinrín ló ní ṣónṣó tó ń gún tábìlì nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn apá tì í. Òun ló ń ṣiṣẹ́ àgbékọ́ ilẹ̀kùn, tí apá fi ń ká tó sì ń nà. Èyí tó wà níhà àtàǹpàkò, yíyí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni fẹ́ gba owó, kí ẹ wá dà á dé bí ẹni fẹ́ lu tábìlì. Eegun ìhà àtàǹpàkò ló yí gun èkejì rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìgúnpá, níhà inú, wáyà kan gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá láìsí ẹran tó bò ó. Òun ni ẹ máa ń fi gbá etí àga tí nǹkan á fi sáré bí iná dé ìka kékeré àti ìka tó tẹ̀ lé e. Eegun ò jẹbi ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọrùn ọwọ́ ní eegun kéékèèké mẹ́jọ, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà méjì, bí ekùrọ́ tí wọ́n kó sínú àpò tóóró. Àtẹ́lẹwọ́ ní márùn-ún, ìka ní mẹ́rìnlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ọwọ́ méjèèjì jẹ́ 54 nínú 206 eegun tó wà lára àgbàlagbà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé kò sí ẹran kankan nínú ìka tó ń gbé ìka. Apá ni ẹran tó ń tẹ ìka tó sì ń nà án pọ̀ sí jù, ìtòsí ìgúnpá ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú kí ẹ máa jó ìka bí ẹni ń tẹ dùùrù, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń mì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín. Okùn gígùn ló ń ti òkè wá fa ìka, bí ahunṣọ òfì ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan nísàlẹ̀ tí òwú fi ń la ẹnu lókè. Mẹ́sàn-án nínú àwọn okùn náà, pẹ̀lú wáyà kan, ló jọ há gba ihò kan ṣoṣo níwájú ọrùn ọwọ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé ìgúnpá lè máa ṣàìsàn kó jẹ́ ife tíì ni yóò máa já bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Àìsàn ìgúnpá tó gbajúmọ̀ jù lọ náà nìyẹn: ìrora ní ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá, tó ń pọ̀ sí i téèyàn bá di nǹkan mú tó sì gbé e. Runge, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1873 lára àwọn tó ń kọ̀wé kọ̀wé. Ní 1882 ni Henry Morris ní ìlú òyìnbó so ó mọ́ tẹ́nìsì orí pápá, orúkọ náà, tennis elbow, sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Àwa tí a ní àwọn agbá-tẹ́bù-tẹ́nìsì bíi Ṣẹ́gun Toriola tó lọ sí Òlíḿpíìkì méje láàrin 1992 àti 2016, tí a ní Fúnkẹ́ Oshonaike tí òun náà lọ sí méje, tí a sì ní Aruna Quadri tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Rio ní 2016, a lè rò pé orúkọ náà bá wa mu. Kò bá wa mu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò mú ráákẹ́ẹ̀tì rí. Ẹni tó ń yan gàrí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni, bíríkìlà ni, fọkanáísà ni, ẹni tó ń fi ọkọ́ ro oko ìrẹsì ní Ọ̀fàdà ni. Tí wọ́n bá fi sísọ orúkọ náà lé mi lọ́wọ́, ìgúnpá alágàrí ni ǹ bá pè é.

Okùn tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè ló ti lò gbó níbi tó ti so mọ́ eegun, bí okùn garawa kànga tó ń yún lójú kan. Nítorí pé ó gbó ni, kì í ṣe pé ó wú lásán, abẹ́rẹ́ tí àwọn kan máa ń sáré lọ gbà sínú ìgúnpá kì í tán ọ̀rọ̀ náà. Ara á tù wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà kò dá tó àwọn tí kò gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí máa ń lọ láàrin ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ, pàápàá téèyàn bá dín iṣẹ́ tó fà á kù, tó sì ń fún okùn náà lágbára díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi kún ìgò 50cl, ẹ dì í mú ní dídojúbolẹ̀ lórí etí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ kejì bá a gbé ọrùn ọwọ́ sókè, kí ẹ wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára ọwọ́ yẹn nìkan. Sísọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn ni oògùn. Kò gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn ún gbọ́ létí.

Àwọn tí owó ò wọ́n náà ń ṣèṣe níbẹ̀. Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìdílé bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ṣàgámù, ìlú tí kò jìnnà sí wa lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ṣe iṣẹ́ abẹ ìgúnpá ní ọdún 2025.

Ti àwọn ọmọdé ló ń lé oorun lójú mi. Láti oṣù kẹta lọ, tí máńgòrò bá ti ń pọ́n, ọmọ á já bọ́ lórí igi tàbí lórí géètì, á na ọwọ́ kó má baà forí gúnlẹ̀. Lókè ìgúnpá gẹ́lẹ́, eegun apá ọmọdé tín-ín-rín, ó sì fẹ̀, bí ìdí ṣíbí. Ibẹ̀ ló ń ṣẹ́. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Iwájú ibi tó ń ṣẹ́ yẹn gan-an sì ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ́ ọwọ́ gbà kọjá. Ìgúnpá á wú bí búrẹ́dì. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to eegun, wọ́n á fà á, wọ́n á fi ọparun lílà àti aṣọ dì í pinpin, wọ́n á ní kó má tú u títí di ọjọ́ báyìí. Wíwú ò tíì parí nígbà yẹn. Ohun tó ń wú nínú ohun tí kò lè fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè wọlé síbẹ̀ mọ́. Bí ó bá tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà tí ẹran ò rí ẹ̀jẹ̀, ó ti ń kú nìyẹn. Èyí tó kú á di àpá líle, á súnkì, á sì ká ìka ọmọ náà wọnú bí èékánná àṣá. Ní 1881, Richard von Volkmann, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa irú ọwọ́ yìí gan-an, àwọn ìdì líle sì ni ó dá lẹ́bi. Ó ju ogóje ọdún lọ, àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ṣì ń rí i. Èyí tó burú jù á jẹrà, wọ́n á gé e.

Ọmọ kì í dédé dákẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. A ò kàn mọ ohun tó ń wí ni. Eegun tó kán tí wọ́n sì dì dáadáa, ìrora rẹ̀ á máa dínkù ni. Bí ọmọ bá ń sunkún sí i lẹ́yìn tí wọ́n dì í tán, bó bá figbe ta nígbà tí ẹ rọra na ìka rẹ̀, bó bá ní ìka òun ń jó tàbí òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ìdì yẹn ń pa á ni. Ẹ tú u débi awọ ara lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ti oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí P.O.P. ti ilé ìwòsàn, torí òyìnbó náà lè dì í le jù. Bí P.O.P. ni, ẹ sáré gbé e padà lọ kí wọ́n là á. Ẹ tún lè tẹ èékánná rẹ̀ títí á fi funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀: ó yẹ kó ti pọ́n padà kí ẹ tó ka èjì. Ṣùgbọ́n kí ó pọ́n padà má fi yín lọ́kàn balẹ̀ bí igbe bá ṣì ń lọ.

Ti ìgúnpá tó yẹ̀ kò pẹ́ẹ́ sọ. Lára àwọn àgbàlagbà, lẹ́yìn èjìká, oríkèé ńlá tó máa ń yẹ̀ jù nìyẹn, àwọn oníjàkadì àti àwọn tó ń gbé irin sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Sa Jae-hyouk, ará Kòríà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Beijing ní 2008, ìgúnpá rẹ̀ yẹ̀ lójú gbogbo ayé nígbà tó ń gbé irin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ ń fà padà lórí pápá, nítorí eegun lè ti há síbẹ̀, wáyà sì lè há pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún ku ti ọmọ ọdún méjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi apá kan ṣoṣo fà kọjá gọ́tà, tí kò wá lo apá náà mọ́. Ìdè kékeré kan ló yọ́ kúrò lọ́rùn eegun tó ń yí. Dókítà á dá a padà láàrin ìṣẹ́jú kan, ọmọ á sì fi ọwọ́ náà gba bisikíìtì kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mo dé orí ọrùn ọwọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ́lé ni mí nígbà èwe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo fò sí bọ́ọ̀lù kan tí kò tiẹ̀ ní wọlé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún balẹ̀. Ó dùn mí, kò wú púpọ̀, mo lè ká ìka, mo lè mú ṣíbí. "Ó rọ́ ni." Ìyá kan ládùúgbò fi òrí wọ́ ọ, ó fi aṣọ gbígbóná jó o, ó fà á títí omi fi bọ́ lójú mi. Oṣù méje lẹ́yìn náà, n kò lè fi ọwọ́ yẹn ti ilẹ̀kùn. X-ray fi hàn pé eegun kan ti kán sí méjì, apá kan rẹ̀ sì ti fẹ́ kú.

Eegun náà rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ọkọ̀ ni àwọn oníṣègùn sì fi pè é, scaphoid. Nínú àwọn mẹ́jọ tó wà ní ọrùn ọwọ́, òun ló ń kán jù, ẹni tó bá fọwọ́ lélẹ̀ nígbà ìṣubú ló sì sábà ń ṣe. Àléébù ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni pé ìhà ìka ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀, tí yóò sì ṣàn padà sẹ́yìn. Bí ó bá ṣẹ́ láàrin, ẹ̀yìn ò rí oúnjẹ mọ́. Àrékérekè rẹ̀ sì tún ni pé X-ray ọjọ́ kìíní lè má fi í hàn rárá. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi fọ́tò nìkan dájọ́. Ẹ na àtàǹpàkò sókè dáadáa: ẹ ó rí kòtò kékeré kan nídìí rẹ̀, láàrin okùn méjì. Òyìnbó ń pè é ní àpótí aáṣáà, torí ibẹ̀ ni àwọn bàbá wọn ń da aáṣáà sí kí wọ́n tó fà á símú. Bí ẹ bá ṣubú, tí ẹ tẹ kòtò yẹn, tí ó dùn yín wọ egungun, ẹ ka ọwọ́ náà sí èyí tó kán títí dókítà á fi sọ pé kò kán. Wọ́n á dì í, wọ́n á tún ya X-ray mìíràn lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì tí èmi fi jẹ́ kí wọ́n máa wọ́ ọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ kan jù sígbó: "Ó lè ká a, kò kán." Irọ́ ni. Ẹran àti okùn ló ń ká ìka, bí wọn ò bá tíì já, wọ́n á ká a lórí eegun tó ti fọ́.

Àwọn òbí wa tó ń sáré òwúrọ̀ ní tiwọn, eegun apá lókè ọrùn ọwọ́ ló máa ń kán lára wọn, tí ọwọ́ á tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrùn fọ́ọ̀kì. Dókítà Abraham Colles ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1814 láìrí inú ọwọ́ kankan, ọdún 81 kí X-ray tó dé. Ọwọ́ náà sì ni X-ray fi bẹ̀rẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, ọwọ́ ìyàwó Röntgen, ẹni tó ṣàwárí X-ray, ni Röntgen yà, tòun ti òrùka rẹ̀.

Ìka ni ti kóówá. Ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri nítorí pé wọ́n fi pẹnárítì na ẹgbẹ́ rẹ̀, eegun ìdí ọmọńdinrín rẹ̀ ló ń kán. Wọ́n fi orúkọ akànṣẹ́ pè é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kì í fi ibẹ̀ lu èèyàn. Oníjà ìgboro ló ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ eyín ẹlòmíràn ló ya ojú oríkèé náà, bó ti wù kí ojú egbò kéré tó, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, torí ìdọ̀tí ẹnu èèyàn nínú oríkèé máa ń ba ọwọ́ jẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Bọ́ọ̀lù bá gbá orí ìka tí orí ìka sì dorí kodò, tí kò nà mọ́, okùn tó ń nà án ló já. Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn, ó sì ṣòro: kí wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ gbé e nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, láìjẹ́ kó dorí kodò rí, kódà nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíkà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ẹni tó di aṣọ alátakò mú tí ìyẹn sì já gbà: orí ìka kò ká mọ́. Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ló sábà máa ń ṣe. Ìyẹn fẹ́ iṣẹ́ abẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀, nítorí okùn tó já ti sá wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ, bó bá sì pẹ́, kò ní gùn tó ibi tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́. Mo ti rí ọmọkùnrin tó gbé irú ìka bẹ́ẹ̀ kiri fún oṣù mẹ́ta pé ó rọ́.

Yorùbá ní ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ di ẹ̀ṣẹ́ wò: gbogbo wọn á dorí kọ ibì kan náà, ìdí àtàǹpàkò, níbi tí eegun ọkọ̀ yẹn wà. Lẹ́yìn ìṣubú, bí ìka kan bá gun èkejì lórí nígbà tí ẹ ń di ẹ̀ṣẹ́, eegun ti kán, ó sì ti yí. X-ray lè má pariwo rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ dídì á sọ ọ́. Ti àtàǹpàkò tó tẹ̀ sẹ́yìn lọ́wọ́ aṣọ́lé, tí kò wá lè fún kọ́kọ́rọ́ mọ́, ìdè ló já níbẹ̀, bó bá sì já tán, kì í dá so ara rẹ̀ padà.

Ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2018, eegun kan ṣẹ́ lọ́wọ́ Mikel Obi, balógun Super Eagles nígbà náà, nínú ìdíje wa pẹ̀lú Iceland. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó fi ohun ààbò dì í, ó sì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Argentina. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi ìyẹn jiyàn pé ọkùnrin ń gbá a mọ́ra. Ohun tí wọ́n ń fò ni pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mọ eegun tó ṣẹ́, wọ́n mọ̀ pé ó lè dúró, kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ pápá.

Kí wá ni ká ṣe lórí pápá? Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú. Ẹ ká páálí bisikíìtì yípo apá, kí ẹ fi ìborùn gbé e kọ́ ọrùn, bó ṣe rí ni kí ẹ ṣe gbé e, ẹ má tọ́ ọ. Píọ̀ wọ́tà tó dì gbagidi, tí ẹ fi aṣọ wé, ẹ lè gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Gabe Mirkin, dókítà Amẹ́ríkà tó sọ yìnyín di oògùn eléré ní 1978, ti padà sọ pé ó lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ẹ lò ó fún ìrora, ẹ má lò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Omi gbígbóná àti wíwọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ibi tó ń wú ni. Robb dùn lára, awọ ló sì mọ.

N kò ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ba àwọn atoeegun wa jẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo pé òpè ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ eegun tó kán gbọọrọ, tí kò yẹ̀, ni wọ́n ń tọ́jú tó sì ń jinná. Wọ́n wà nítòsí, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀, wọn kì í ní kí ẹ lọ tò lórí ìlà láti aago márùn-ún. Àwọn kan ṣì ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kí wọ́n tó to ti èèyàn, pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn á rìn. Adìẹ náà kò bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà tí ẹni tí kò kàwé lè gbọ́kàn lé ni. Ibi tí ẹ̀bi wọn wà ni pé wọn ò ní X-ray, wọn kì í sì sọ pé "èyí ju agbára mi lọ". Àwọn èèyàn wa náà ń sá fún ilé ìwòsàn pé gígé ni wọ́n ń gé ọwọ́ níbẹ̀. Ẹ wo bí ìbẹ̀rù yẹn ṣe ń bọ́ ara rẹ̀: wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó lọ, ọwọ́ á ti jẹrà, wọ́n á gé e, ẹni tó gbọ́ á tún pẹ́ sí i. J. E. Onuminya, dókítà eegun ní Nàìjíríà, kọ ìwádìí jáde ní 2006 lórí atoeegun tí wọ́n kọ́ ní ìlànà ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀, ìjàǹbá sì dínkù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo fara mọ́. Ẹ kọ́ wọn kí ìdì má le, kí wọ́n máa tẹ èékánná, kí wọ́n mọ ọmọ tí kò yẹ kó sùn lọ́dọ̀ wọn mọ́jú.

Ẹni tó bá wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kò ṣaláìní ibi tó lè lọ. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ wà ní Ṣàgámù, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta. Ní ìhà Èkó, Igbóbì wà létí Ikorodu Road, ilé ìwòsàn eegun tó bẹ̀rẹ̀ bí ibi ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló wà láàrin. Ẹ fi páálí yẹn sí i kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá tú P.O.P., ọwọ́ á tín-ín-rín, á gan, á máa pa rírí. Ọ̀pọ̀ eléré á padà sí pápá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ́ mi ni kí n rẹ aṣọ ìnura sínú omi, kí n fún un, kí n wo bóyá ọwọ́ méjèèjì ń yí i bákan náà láìdùn. Ìka tí kò sí nínú P.O.P. gbọ́dọ̀ ti máa ká, kó máa nà láti ọjọ́ kìíní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn á lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ní tèmi, wọ́n bu eegun díẹ̀ ní ìbàdí mi, wọ́n fi í so ọkọ̀ tó fọ́ yẹn pọ̀, ó sì mú. Aṣọ ìnura ń lọ dáadáa báyìí. Géètì ilé wa nìkan ló kù, èyí tó wúwo, tó ń lọ lórí táyà: ọwọ́ òsì ni mo ṣì fi ń tì í.